Ta Ni Mo Jẹ Ní Èsì?

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, tí olùkọ́ tí wọ́n ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi pè mí sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí lẹ́tà mi ń padà sí mi lọ́wọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi àtúnṣe orí kejì ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà wá. Wọ́n ní àpótí ímeèlì rẹ ti kún." Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, màá tún un ṣe lónìí." Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni mò ń bi ara mi pé: ta ló ń kọ lẹ́tà sí èmi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èmi tí n kò rí ẹni kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi rí!

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ yọ fóònù tiyín náà, kí ẹ wo iye tó wà lórí àmì ímeèlì yín. Ó dá mi lójú pé a pọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Tèmi lọ́jọ́ náà, 11,482 ni lẹ́tà tí n kò tíì ṣí. Mo tún un kà, torí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí.

Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là á rí níjọ́ ikú erin. Mo rí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ra bàtà ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tí mo wà ní 100 level, tí wọ́n ṣì ń kí mi káàárọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé àná ni mo san owó. Mo rí báńkì, tó jẹ́ pé bí mo bá ra káàdì ₦100, lẹ́tà kan á wọlé láti sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi. Mo rí ẹlẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́, mo rí oníṣẹ́ tí kò níṣẹ́ níbì kankan, mo rí ibi tí mo ti wa ìbéèrè àtijọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tún rí lọ́yà kan tó ní oníbàárà òun kú, ó sì fi owó sílẹ̀, èmi nìkan ni òun sì fọkàn tán. Gbogbo wọn ló ń dárúkọ mi. Kò sí ọ̀kan tó mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Gmail tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò máa ń fún èèyàn ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà nìkan ló ń gbé inú rẹ̀ o. Fáìlì inú Drive wà níbẹ̀, àwòrán inú Google Photos náà sì ti ń wọ inú ìṣirò yẹn láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Bí àyè yẹn bá ti kún, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́, ìwọ náà kò sì ní lè fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Gmail jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, 1 GB péré ni, ó sì pọ̀ lójú àwọn èèyàn débi pé àwọn kan rò pé àwàdà ọjọ́ yẹn ni. Ìlérí tí wọ́n sì ṣe ni pé èèyàn kò tún ní nílò láti máa pa lẹ́tà rẹ́ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Ilé tí wọ́n sọ fún wa pé a kò ní gbá mọ́ láéláé ni wọ́n kó wa sí, àwa náà sì gbà, a ju ìgbálẹ̀ nù.

Mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo rojọ́ fún ará yàrá mi. Ọmọ Engineering ni, kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ṣé torí èyí lo ṣe fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀? Máàkì gbogbo ẹ̀, kó o dìlíìtì ẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá nílò ẹ á tún kọ ọ́. Ta ló tiẹ̀ ń kọ ímeèlì mọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ á pè ẹ́, àbí kó bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2004, Lawrence Lessig, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti wọ gbèsè lẹ́tà débi pé òun kò lè san án mọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò tó lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé òun kò ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: ó kọ̀wé sí àwọn tí kò dá lóhùn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Kò kàn gbá wọn dànù. Ẹni tó bá pe ohun kan ní gbèsè ti gbà pé òun jẹ ẹnì kan. Ará yàrá tèmi kò mọ̀ pé a jẹ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè tó wà lókè ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

N kò lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà, torí ìwé ìgbaniwọlé mi àti rìsíìtì owó ilé ìwé wà níbẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo kọ "larger:10M" sí ibi ìwákiri, kí àwọn tó wúwo jù lè kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn náà mo kọ "category:promotions", ibi tí àwọn olùpolówó kó jọ sí. Ẹ rántí pé àpótí kékeré tí ẹ máa fi àmì sí lókè yẹn, lẹ́tà 50 péré ló sábà máa ń mú lójú ewé kan. Ó di ìgbà tí ẹ bá tẹ ìlà kékeré tó máa yọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kó gbogbo wọn. Èmi kò tètè mọ̀. Mo ti pa á rẹ́ ní àádọ́ta-àádọ́ta fún bíi wákàtí kan kí ojú mi tó là.

Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́, 11,482 ti di 613. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìpolówó bàtà àti lẹ́tà báńkì, mo rí orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan.

N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Àwa méjèèjì la jọ wọlé, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì máa ń jókòó sí ní 100 level. Owó ilé ìwé ló lé e kúrò láàárín wa nígbà tí a dé 200 level. Ó ti padà sí Ìbàdàn, ó ń kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Oṣù mẹ́rìnlá ni lẹ́tà náà ti wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀rẹ́, bá mi ka nǹkan yìí. Ìwọ lo mọ ewì nínú wa. Tí kò bá dáa, sọ fún mi, kí n kúkú gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi." Ìlà mẹ́rìndínlógún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ewì nípa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ewì náà dára. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pọ́n ọn, ó dára ju púpọ̀ nínú ohun tí èmi fúnra mi ti gbé jáde nínú ìwé ìròyìn yìí lọ.

Ooru mú mi lóru náà, àmọ́ kì í ṣe torí iná tó lọ.

Ǹjẹ́ mo ṣẹ̀ ẹ́? Mo gbìyànjú láti gba ara mi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, mo ní n kò rí i. Bí ẹnì kan bá kí mi lójú títì, tí ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá, tí n kò gbọ́, ta ló máa pè mí ní agbéraga? Èkejì, mo ní pé kíkọ lẹ́tà síni kò sọ ni di ajigbèsè. Ní ọdún 1978, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gary Thuerk, tó ń bá iléeṣẹ́ kan ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí bíi 400 èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé àwọn 400 yẹn jẹ ẹ́ ní èsì ni? Rárá o. Bí gbogbo ẹni tó bá pè mí lọ́jà bá ti sọ mí di onígbèsè, n kò ní délé láéláé.

Àwíjàre kejì yìí lágbára, n kò sì jù ú nù títí di òní. Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ní ẹ̀tọ́ sí èsì. Àmọ́ ó fún mi ní ohun tí n kò wá. Ó jẹ́ kí n rí ìyàtọ̀. Lẹ́tà bàtà, ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè kọ ọ́ sí. Ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò, kí ẹ fi tiyín sí i, kò sí ohun tó bàjẹ́. Lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi, ẹ yọ orúkọ mi níbẹ̀, kò sí lẹ́tà mọ́. Èmi nìkan ni ìbéèrè yẹn wà fún, torí pé òun pẹ̀lú mi la jọ ka ewì àkọ́kọ́ wa lábẹ́ igi. Irú lẹ́tà tí kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, irú rẹ̀ ni mo jẹ ní èsì.

Ṣé ẹ rántí ohun tí a kọ́ nípa àrokò? Láyé àwọn baba wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ fún ẹnì kejì pé ọkàn òun fà sí i, ó lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́. Ẹẹ́fà nìyẹn, mo fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Ẹẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ohun tí n kò rò nínú kíláàsì, tí mo wá rò lóru yẹn, ni ti ìránṣẹ́. Ẹnì kan ló fẹsẹ̀ rìn gbé àrokò yẹn wá. Ó dúró, ó làágùn, ó ń wo ojú ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Ẹni tó gba àrokò kò lè ní òun kò rí i. Bí kò bá sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà, ọwọ́ òfo tí ìránṣẹ́ gbé padà délé, àrokò ni òun náà.

Ímeèlì kò ní ìránṣẹ́ tó ń làágùn. Nígbà tí Ray Tomlinson kọ́kọ́ fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní ọdún 1971, tó sì mú àmì @ láti fi ya orúkọ èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni kọ̀ǹpútà méjèèjì wà. Láti ìgbà náà, jíjìnnà kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, owó tí a ń ná láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. A yọ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó náà kò parẹ́ o, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba lẹ́tà ló ṣí lọ. Ẹni tó fi 10,000 ránṣẹ́ kò làágùn. Èmi tí mò ń wá ẹyọ kan nínú 10,000 ni mò ń làágùn.

Ará yàrá mi kò tíì gbà. Ó ní, "Òun ló yẹ kó tún kọ ọ́. Ṣé lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn ni?" Mo lọ kà á. Ilé ìtajà bàtà yẹn ti kọ̀wé sí mi ní ìgbà 402. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ro èyí wò. "Ẹni tó bá nílò ẹ á tún kọ ọ́" dà bí òótọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ẹni tó ní ọjà láti tà ló ń tún un kọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn rẹ̀, tí ojú ń tì, tó pẹ́ kó tó lè tẹ̀ ẹ́ kí ó lọ, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń kanlẹ̀kùn, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń kàn án. Kí ló dé tí kò fi pè mí? Torí pé kò fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe máa dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ pé kò dáa. Ẹni tó lójútì ni lẹ́tà wà fún.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Ta ló pe àwọn 11,000 wọ̀nyẹn wá? Èmi ni. Mo fẹ́ ìwé ọ̀fẹ́ kan, mo fi àdírẹ́sì mi sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ ₦500 lórí bàtà, mo fi àdírẹ́sì mi sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n máa kọ̀wé sí mi, n kò kà á, mo tẹ "OK". Ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mò ń yá gbogbo oníjà-ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ọ̀rẹ́ kò fi rí ibi dúró sí. Nítorí náà, àwíjàre mi àkọ́kọ́ wó lulẹ̀. Òótọ́ ni pé n kò rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe ti ọjọ́ tó kọ lẹ́tà, ó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì jọ ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí mò ń dá a.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. A sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, a bú àwọn olóṣèlú díẹ̀, kí n tó lè sọ ìdí tí mo fi pè é.

Mo ní, "Mo rí ewì ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ah, ìyẹn! Mo ti rí èsì gbà tipẹ́."

Mo ní, "Èsì wo? Èmi ò kọ nǹkan kan."

Ó ní, "Èsì náà nìyẹn, ṣebí. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kó dùn mí ni o ṣe dákẹ́."

Kò bínú, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó ti bá mi wá àwíjàre, ó ti fi inúure túmọ̀ ọwọ́ òfo mi, ó sì ti ṣe ohun tó sọ nínú lẹ́tà rẹ̀: kò tíì kọ ìlà kan láti ìgbà náà. Mo sọ òótọ́ fún un, pé n kò rí i. Mo sọ pé ó dára, mo sì sọ pé ìlà kẹsàn-án kò ní agbára tó àwọn tó kù, kó lè mọ̀ pé mo kà á lóòótọ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, a óò máa wò ó." Ibi tí a dúró sí nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá yóò tún kọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò le. Bí lẹ́tà ìpolówó bá wọlé láti ibi tí mo mọ̀, n kì í pa á rẹ́ lásán mọ́, orí "unsubscribe" ni mo ń tẹ̀, kó má baà padà wá. Láti ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu jẹ́ kí ó rọrùn láti jáde. Ti lọ́yà olówó òkú, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀ o, torí ẹ máa sọ fún un pé àdírẹ́sì yín ṣì ń ṣiṣẹ́; "Report spam" ni kí ẹ fi ṣe é. Mo ṣí àyè kan tí mo pè ní "Ènìyàn". Lẹ́tà tí kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn ni mò ń kó síbẹ̀, àárọ̀ Sátidé ni mo sì máa ń dá wọn lóhùn. Bí ọwọ́ mi bá dí, mo ń kọ ọ́ pé, "Mo ti rí i, fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan." Èsì ni ìyẹn náà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kò padà lọ́wọ́ òfo.

Àpótí mi kò ṣófo, n kò sì wá kí ó ṣófo. Lẹ́tà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àtúnṣe orí kejì ti wọlé, ó sì kún fún báírò pupa, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó tẹ "delete all" gẹ́gẹ́ bí ará yàrá mi ṣe ní kí n ṣe é, ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka orúkọ. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.